Bí àwọn Júù ṣe fara pamọ́ ní Nẹ́dálándì: ohun tí ìtàn àròsọ kì í sọ tán

Ẹni tó bá ti ka ìtàn àròsọ méjì mẹ́ta nípa àwọn Júù tó sá pamọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì á ti mọ ohun tí òun máa bá níbẹ̀: ògiri tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, òkè àjà tó ṣókùnkùn, bàtà sójà Jámánì tó ń ró lórí àtẹ̀gùn, àti ìdílé tó há mọ́ra tí wọn ò gbọdọ̀ wúkọ́. Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ ìfarapamọ́, ògiri ló rọrùn jù. Káfíńtà kan tó mọṣẹ́, tó sì lè pa ẹnu mọ́, á parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri yìí máa jẹun lójoojúmọ́ fún ọdún méjì, mẹ́ta, ní ìlú tí wọ́n ti ń fi tíkẹ́ẹ̀tì pín búrẹ́dì, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé ìjọba mọ́.

Nẹ́dálándì ni àlàyé yìí dá lé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó ń kọ ìwé ìrántí níbi tó sá pamọ́ sí, ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń mú àwòṣe. Ti Pólándì àti ti Berlin yàtọ̀ gan-an. A ó fẹnu bà wọ́n tó bá yá.

Jámánì wọ Nẹ́dálándì ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1940, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí orílẹ̀-èdè náà fi túúbá. Nǹkan bí 140,000 Júù ló ń gbé ibẹ̀. Láti oṣù Keje 1942 títí di oṣù Kẹsàn-án 1944 ni ọkọ̀ ojú irin fi ń kó wọn lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ sí Auschwitz àti Sobibor, àwọn àgọ́ ìpànìyàn ní Pólándì. Nínú nǹkan bí 107,000 tí wọ́n kó, àwọn tó padà wálé ò ju nǹkan bí 5,000 lọ. Àwọn tó fara pamọ́ tó 25,000 sí 28,000. Ọwọ́ tẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, nǹkan bí 16,000 sì fojú rí òpin ogun. Ó hàn gbangba pé sísá sàn ju wíwọ ọkọ̀ lọ. Kí ló wá dé tí àwọn tó kù ò sá?

Lákọ̀ọ́kọ́, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́tà ìpè tó ń wọlé wá ní oṣù Keje 1942 sọ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣe ní Jámánì, ó tilẹ̀ ka ẹrù tí kálukú máa dì fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀. Násì gbà kí Ìgbìmọ̀ Júù, ìgbìmọ̀ àwọn Júù tí Násì fúnra wọn ní kí wọ́n dá sílẹ̀, pín òǹtẹ̀ ìdásílẹ̀ tí wọ́n ń lù sórí káàdì ìdánimọ̀: ẹni tó bá ní in, wọn ò ní í mú un "títí di ìgbà mìíràn". Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló gba òǹtẹ̀ yìí tí wọ́n jókòó sílé wọn. Ta ni yóò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ máa gbé lókè àjà ẹlòmíràn nígbà tí ìwé ààbò wà lápò rẹ̀? Nígbà tó fi máa yé wọn pé ẹ̀tàn ni, ó ti bọ́ sórí. Ìkólọ ńlá tó kẹ́yìn ní Amsterdam wáyé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1943, àwọn olórí Ìgbìmọ̀ náà fúnra wọn sì wà nínú àwọn tí wọ́n kó.

Ìjìyà náà tún wà ńbẹ̀. Júù tí wọ́n bá mú níbi tó sá sí ti di ọ̀daràn lójú wọn. Ní àgọ́ Westerbork, níbi tí wọ́n ti ń to gbogbo wọn jọ, wọ́n á kọ lẹ́tà S sí ìwé rẹ̀, wọ́n á fi í sí bárékè 67, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ lọ ló sì máa bá lọ. Nítorí náà, lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, sísá gan-an ló jọ ewu, jíjókòó ló jọ ọgbọ́n. Ká má tíì wá sọ ti owó àti ojúlùmọ̀. Oníṣòwò kékeré kan ní àdúgbò Júù ní Amsterdam, tí gbogbo ẹni tó mọ̀ láyé jẹ́ Júù bíi tirẹ̀, ilé ta ló máa sá lọ?

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń ṣì í jù ni ọ̀rọ̀ àkókò. Nínú ìtàn wọn, ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ kan ti wà ní sẹpẹ́ láti 1942: wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ilé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹgbẹ́ tó tóbi jù tó ń bá àwọn asápamọ́ wá ilé, tí wọ́n ń pè ní LO, ìparí 1942 ni Helena Kuipers-Rietberg àti àlùfáà Frits Slomp ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Ọdún 1943 ló tó gbilẹ̀, nígbà tí Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi túláàsì kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Nẹ́dálándì lọ ṣiṣẹ́. Ní 1944, àwọn tó sá pamọ́ ní orílẹ̀-èdè náà ju 300,000 lọ, Júù ò sì pọ̀ nínú wọn rárá. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi ní ẹsẹ̀ káàkiri ìlú, ọ̀pọ̀ Júù ti lọ. Ẹni tó sá ní oṣù Keje 1942, ojúlùmọ̀ ló gbà á: ọ̀gá ibiṣẹ́ àtijọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, dókítà, àlùfáà. Bí ìwé àròsọ kan bá gbé ẹgbẹ́ tó ṣètò dáadáa kalẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1942, ẹ fi ìka sí i.

Jíjáde nílé gan-an nílò ọgbọ́n. Láti ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1942, gbogbo Júù tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́dọ̀ rán ìràwọ̀ yẹ́lò mọ́ aṣọ. Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún kan náà, wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ wọ táàmù (ọkọ̀ ojú irin inú ìlú), wọn ò sì gbọdọ̀ sí níta láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Àpótí kì í ṣe ohun tí Júù lè gbé rìn ní títì láìsí pé ẹnì kan bi í ní ìbéèrè; ìdí nìyẹn tí ìdílé Frank fi wọ aṣọ lé aṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, nínú oṣù Keje. Bí èèyàn bá tú ìràwọ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà, àyè rẹ̀ lè hàn lára aṣọ: oòrùn ti jẹ ibi tó kù, abẹ́ ìràwọ̀ ṣì dúdú, ihò abẹ́rẹ́ sì yí i ká. Ẹ̀wù mìíràn pátápátá ló yẹ kó wà nísàlẹ̀.

Ìwé ló wá kàn, àti pé níbi ìwé ni Nẹ́dálándì ti burú ju àwọn ìlú tó yí i ká lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Jacob Lentz ṣe káàdì ìdánimọ̀ kan tó ṣòro láti fara wé: fọ́tò, àtẹ̀ka, ìfọwọ́sí, bébà tó ní àmì inú. Lẹ́tà J ńlá wà lórí ti àwọn Júù. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ káàdì kọ̀ọ̀kan tún wà ní ọ́fíìsì àpapọ̀ ní ìlú Hague. Ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣe ayédèrú kọ́kọ́ ń gbà ni pé kí ẹni tí kì í ṣe Júù "sọ" káàdì tirẹ̀ nù, kó lọ gba òmíràn, kí wọ́n wá yọ fọ́tò inú ti àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ti asápamọ́ rọ́pò rẹ̀. Gbígbà fọ́tò jáde láìfa bébà ya ni iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ tí Gerrit van der Veen, ẹni tó ń gbẹ́ ère, dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ odindi káàdì, wọ́n sì tẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ẹ wo ibi tí ó ti ń já. Káàdì ayédèrú tó dára á kọjá lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó dúró ní ìkóríta. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá náà bá gbé fóònù, tó ní kí wọ́n wo nọ́ńbà yìí nínú ìwé àkọsílẹ̀ aráàlú, ó ti parí. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n ṣe kọlu ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ Amsterdam ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1943. Van der Veen, Willem Arondéus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọ aṣọ ọlọ́pàá wọlé, wọ́n fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n sì dáná sun ibẹ̀. Ìdá díẹ̀ nínú káàdì náà ló bàjẹ́, torí káàdì tí wọ́n tò pọ̀ mọ́ra pinpin kì í tètè jó. Wọ́n yìnbọn pa èèyàn 12 lórí ẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1944, ọkọ̀ òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù sí ọ́fíìsì àpapọ̀ ní Hague fún ìdí kan náà. Òṣìṣẹ́ tó ju 50 lọ ló kú níbẹ̀. Àsìkò ti lọ jìnnà ṣá; fún ọ̀pọ̀ Júù, ọdún kan àti ààbọ̀ ni bọ́ǹbù yẹn fi pẹ́.

Tí ìwé bá ti wà, oúnjẹ ló kù, òun ló sì ń tú àṣírí ilé jù. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìpín oúnjẹ. Wọ́n á gbé e lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n á gba tíkẹ́ẹ̀tì fún búrẹ́dì, bọ́tà, ẹran, ṣúgà, ọṣẹ. Ẹni tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kò ní í rí tíkẹ́ẹ̀tì kan gbà. Nítorí náà, ilé tó gba èèyàn mẹ́ta sọ́dọ̀ ní ohun méjì láti wá: tíkẹ́ẹ̀tì, àti ibi tí wọ́n á ti ná an láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka iye búrẹ́dì tí wọ́n ń gbé wọlé. Opó tó ń dá gbé tó wá ń ra ànàmọ́ òyìnbó kílò mẹ́wàá lọ́sẹ̀, oníṣòwò á ṣe àkíyèsí rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n pín ọjà náà sí ìsọ̀ mẹ́ta mẹ́rin, tàbí kí wọ́n wá oníṣòwò kan tó mọ̀ tí kò béèrè. Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ fún Miep Gies, obìnrin tó ń bọ́ ìdílé Frank àtàwọn tó bá wọn sá pamọ́, mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dé ìwọ̀n àyè kan, òun náà sì fi Júù méjì pamọ́ sílé ara rẹ̀. Wọ́n mú un ní oṣù Karùn-ún 1944, ọjà ẹ̀fọ́ sì dáwọ́ dúró fún èèyàn mẹ́jọ lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti mú àwọn méjì tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n sá sí, síbẹ̀ ebi ti wọlé.

Àwọn ọ̀dọ́ oníbọn ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní knokploeg, bẹ̀rẹ̀ sí í ja àwọn ọ́fíìsì ìpín oúnjẹ lólè ní 1943. Àwọn akọ̀wé kan nínú ọ́fíìsì náà tún ń yọ tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn láti inú wá. Jámánì fèsì: wọ́n ṣe ìwé ìpín tuntun, ẹni tó bá wá gbà á gbọ́dọ̀ mú káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á lẹ síìlì kan mọ́ ọn. Káàdì tí kò bá ní síìlì yẹn di bébà lásán. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1944, knokploeg gbé síìlì 105,000 lọ ní gbọ̀ngàn ìlú Tilburg. Ó yà wá lẹ́nu pé kò sí ìtàn àròsọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ̀mí tí síìlì gbà là ju ti ìbọn lọ.

Nínú ilé wàyí. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni ìró, omi, àti ìmọ́lẹ̀. Ní Prinsengracht 263, ibi tí ìdílé Frank wà, àwọn òṣìṣẹ́ inú yàrá ìkẹ́rùsí nísàlẹ̀ ò mọ̀ pé èèyàn ń bẹ lókè. Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́ iṣẹ́, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀, kò sí omi lẹ́rọ, wọn kò sì gbọdọ̀ fa omi sí ilé ìgbẹ́, torí páìpù rẹ̀ gba inú ògiri kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Ikọ́ burú ju ẹkún lọ, nítorí a lè pa ẹkún mọ́ra.

Ilé ìdílé Ten Boom, àwọn Kírísítẹ́nì tó ń fi Júù pamọ́ ní Haarlem, fi bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ hàn dáadáa. Ìsọ̀ aago ló wà nísàlẹ̀. Nínú yàrá Corrie ten Boom, ọmọbìnrin ilé náà, lókè pátápátá, wọ́n mọ ògiri kan síwájú ògiri gidi, àlàfo àárín wọn ò tó mítà kan. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, torí bí ẹni tó ń wá ilé wò bá kan pákó, á ró gbọ́ngbọ́n, á sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n kun ún kó jọ ògiri tó ti pẹ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, pákó kan tí wọ́n ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èèyàn á rá wọlé. Wàhálà tó kù ni ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò, tí aago ìkìlọ̀ bá dún, àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á yí tìmùtìmù dà, torí ọlọ́pàá máa ń fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì gbóná. Àwọn tó ń jẹun á gbé àwo, ṣíbí àti àga tó ṣẹ́kù kúrò lórí tábìlì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1944, wọ́n ya wọ ilé náà. Èèyàn mẹ́fà dúró lẹ́yìn ògiri yẹn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, àwọn ọlọ́pàá sì wà nínú ilé ní gbogbo ìgbà yẹn. Wọn ò rí wọn. Onílé ni wọ́n kó: bàbá, ẹni ọdún 84, kú sẹ́wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, Betsie, ọmọ rẹ̀, kú ní àgọ́ Ravensbrück.

Àìsàn àti ikú ni ohun tí a kì í bá nínú ìwé. Bí eyín bá ń dun asápamọ́, dókítà wo ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé? Bó bá kú, kò sí pósí, kò sí ìwé ẹ̀rí ikú. Òru ni wọ́n ń gbé òkú jáde, wọ́n á sin ín sí ẹ̀yìnkùlé tàbí kí wọ́n lọ tẹ́ ẹ sí ibi tí ọlọ́pàá á ti rí i láìmọ ilé tó ti jáde.

Ohun kan tún wà tí ìtàn Anne Frank ti mú kí a gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo èèyàn: bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ lójú kan, fún oṣù 25. Èyí ò wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló tú ká, ọmọ síhìn-ín, ìyá sọ́hùn-ún, tí wọn ò sì gbọdọ̀ mọ ibi tí ara wọn wà, kí ẹni tí wọ́n bá mú má baà lè dárúkọ ẹlòmíràn. Àwọn kan ṣí láti ilé sí ilé lọ́pọ̀ ìgbà, torí ẹ̀rù ba onílé, owó tán, tàbí aládùúgbò béèrè ìbéèrè kan.

Àwọn ọmọdé kì í sábà wà lẹ́yìn ògiri. Gbangba ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú orúkọ tuntun. Àlàyé tí wọ́n ń kọ́ wọn ni pé Rotterdam ni wọ́n ti wá, bọ́ǹbù wó ilé wọn. Ìlú yẹn jóná lóòótọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 1940, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọmọ bẹ́ẹ̀ ní adúgbò tó ti wá. Ní Limburg, agbègbè àwọn Kátólíìkì, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú àti àdúrà Màríà kó tó dé ilé. Ọmọkùnrin tó ti dákọ́ kò gbọdọ̀ wẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní ń pẹyẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá dárúkọ rẹ̀ àtijọ́ nílé ẹ̀kọ́ lè pa èèyàn márùn-ún.

Ní Amsterdam, wọ́n ń kó àwọn àgbàlagbà jọ sí gbọ̀ngàn eré kan, Hollandsche Schouwburg, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ wọn sí ilé ìtọ́jú ọmọ tó wà ní òdìkejì títì. Henriëtte Pimentel tó ń darí ibẹ̀, Walter Süskind tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà fún Ìgbìmọ̀ Júù, àti Johan van Hulst, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gba nǹkan bí 600 ọmọ jáde. Nígbà tí táàmù bá dúró níwájú ilé náà, ẹ̀ṣọ́ tó wà lódìkejì ò rí ilẹ̀kùn mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbé ọmọ jáde nínú báàgì tàbí apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó jáde, Süskind gbọ́dọ̀ ti yọ káàdì rẹ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀. Bí káàdì bá ṣẹ́ kù sílẹ̀, wọ́n á wá ọmọ náà lọ́jọ́ tí orúkọ òbí rẹ̀ bá jáde. Pimentel àti Süskind ò padà wá.

Ta ló ń tú wọn fó? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àwọn ọlọ́pàá Nẹ́dálándì fúnra wọn ló ń kan ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn. Ní Amsterdam, ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ aráàlú, tí Wim Henneicke ń darí, sọ ọ́ di òwò láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹwàá 1943: gílídà (owó Nẹ́dálándì nígbà náà) 7.50 lórí Júù kọ̀ọ̀kan, owó náà sì ń gòkè nígbà tó yá. Júù tó ju 8,000 lọ ni wọ́n fà lé Jámánì lọ́wọ́.

Owó tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn asápamọ́ náà kò kéré. Onílé míì ò gba kọ́bọ̀. Òmíràn ń gba iye tó tó oúnjẹ. Òmíràn sì ń fi wọ́n pawó títí owó fi tán, tó wá lé wọn síta. Walraven van Hall, òṣìṣẹ́ báńkì, ló wá ojútùú sí èyí tó pọ̀ jù. Ó yá owó lọ́wọ́ àwọn olówó, àwọn èèyàn rẹ̀ sì gbé ayédèrú ìwé ẹ̀jẹ́ owó (ìwé gbèsè ìjọba) sínú báńkì àpapọ̀ Nẹ́dálándì, wọ́n gbé ojúlówó jáde, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ sí owó tó tó mílíọ̀nù 50 gílídà. Wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù Kejì 1945.

Nípa ìjìyà onílé: ní Pólándì, òfin oṣù Kẹwàá 1941 ní ikú ni fún ẹni tó bá gba Júù sílé, wọ́n sì máa ń pa gbogbo ìdílé. Ní Nẹ́dálándì, àgọ́ tàbí ẹ̀wọ̀n ló wọ́pọ̀, àwọn míì sì lọ láìjìyà: nínú àwọn tó ran ìdílé Frank lọ́wọ́, ọkùnrin méjì ni wọ́n mú, wọn ò sì mú àwọn obìnrin. Ìtàn àròsọ tó bá gbé òfin Pólándì wá sí Amsterdam ti da ọ̀rọ̀ rú. Ní Berlin, àwọn bí 1,700 ló yè nínú nǹkan bí 7,000 tó sá, ọ̀pọ̀ wọn láìní ilé kan pàtó rárá. Ojú títì, ilé sinimá àti ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń gbé.

Ìdáǹdè ò dé lọ́jọ́ kan náà. Gúúsù bọ́ ní ìgbà ìwọ́wé 1944, ìwọ̀-oòrùn dúró títí di oṣù Karùn-ún 1945, ìyàn sì mú gan-an láàárín: aráàlú tó ní ìwé tó péye ń jẹ àlùbọ́sà òdòdó tulip. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀. Òfin oṣù Kẹjọ 1945 sọ pé òbí tí kò bá yọjú láàárín oṣù kan lẹ́yìn ìdáǹdè ti pàdánù ẹ̀tọ́ lórí ọmọ rẹ̀, ìgbìmọ̀ kan ni yóò pinnu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tó ju 2,000 ló ti di aláìlóbìí. Awuyewuye náà le láàárín àwọn Júù tó fẹ́ kí ọmọ padà sọ́dọ̀ ẹbí àti àwọn tó ti tọ́ ọ dàgbà ní ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì. Ọmọbìnrin kan wà tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n dá padà, tí àwọn tó tọ́ ọ kọ̀ tí wọ́n gbé e pamọ́ kí àwọn Júù fúnra wọn má baà rí i. Ọmọ ọdún 21 ni kó tó jáde sí gbangba, ní 1961.